Mo fẹ́ kó Windows kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ubuntu kí n gbé e wọ inú VM: báwo ni kí n ṣe é tí iṣẹ́ oníbàárà kò fi ní bàjẹ́?

ÌyáTẹ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan yìí rí ni mo ń bẹ̀ pé kó dá mi lóhùn.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń to ìwé sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù, ti ìgbéyàwó tẹ̀ lé e, tó bá sì di oṣù kọkànlá, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́ adúgbò á dé. Laptop mi jẹ́ HP EliteBook 840 G3, tòkunbọ̀, Core i5-6300U, RAM 8GB, SSD 256GB. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo pín SSD yẹn sí méjì, Windows 10 lápá kan, Ubuntu 22.04 (ẹ̀yà Linux, tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) lápá kejì. Tí mo bá tàn án, GRUB, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, á bi mí pé èwo ni mo fẹ́ lò.

Mi ò lè fi ọ̀kankan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Orí Ubuntu ni ọwọ́ mi ti mọ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Oríkì olóògbé tó gba ojú ewé mẹ́ta, mo lè tẹ̀ ẹ́ tàmìtàmì láìwo ìka mi. Ọ̀rọ̀ àmì yìí sì jẹ mí lógún gan-an. Tí àmì kan bá ṣì, "ìyá wa ti lọ" á di "ìyà wa ti lọ", lórí ìwé tí àwọn ọmọ olóògbé á tọ́jú títí ayé wọn. Ṣùgbọ́n fáìlì Corel ni àwọn tó ń yọ plate máa ń béèrè lọ́wọ́ mi, CorelDRAW X7 tí mo ní, orí Windows ló wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló mú kí n wá síbí. Àwọn ọmọ olóògbé kan sáré wọlé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: orúkọ ọmọ-ọmọ kan kò sí nínú ìwé, ilé ìtẹ̀wé sì fẹ́ gba fáìlì lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, torí Sátidé ni ìsìnkú. Ubuntu ni mo wà, mò ń tẹ iṣẹ́ ẹlòmíì. Mo tọ́jú gbogbo rẹ̀, mo pa á, mo yan Windows. Windows ní òun ń ṣe update. Ó dé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ. Bátìrì mi kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́, àyà mi ń já. Nígbà tó parí tí mo ṣí Corel, mo wá rántí pé inú Ubuntu ni mo tọ́jú àtòjọ orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sí, Windows kò sì lè ka apá ibẹ̀. Mo tún pa á, mo padà sí Ubuntu, mo fi flash kó o, mo tún padà sí Windows. Àkọ́bí olóògbé dúró tì mí ní gbogbo àkókò yẹn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní mo lè máa lo Windows nínú fèrèsé kan lórí Ubuntu, bí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, òun ni wọ́n ń pè ní VM. Ṣé 8GB yìí á gbé e? Àwo tí mo fi kó Corel sórí rẹ̀ ti sọnù, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni mo kọ sínú ìwé mi. Ṣé mo lè gbé Windows yẹn bó ṣe wà wọnú VM, àbí mo ní láti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ pa apá Windows rẹ́ níkẹyìn, kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kí Ubuntu má bàa bá a lọ?

Sùúrù_Sístẹ́ẹ̀mù

Ẹ kú làálàá, ma. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí ní Ìbàdàn, mo sì ti kó kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan gba ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí.

Èyí tí ọwọ́ yín ti ń pẹ́ jù lójúmọ́ ni kí ẹ fi ṣe onílé, kí èkejì wá ṣe àlejò. Onílé ló máa ń rí gbogbo agbára kọ̀ǹpútà lò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń fún àlejò. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ títẹ̀ ló ń gba àkókò yín ju Corel lọ. Ubuntu ni onílé yín.

RAM 8GB á gbé e, ṣùgbọ́n á máa mí gúlegúle. Ẹ máa fún Windows ní 4GB, èyí tó kù á wá jẹ́ ti Ubuntu àti Firefox, tí ẹ bá sì ṣí àwòrán olóògbé ńlá nínú Corel, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ falẹ̀. 840 G3 ní ihò RAM méjì, ó sì lè gbà tó 32GB. Ẹ tẹ `sudo dmidecode -t memory` kí ẹ wò bóyá ihò kejì ṣófo. Tó bá ṣófo, ẹ ra 8GB kan sí i. DDR4 ti laptop ni kí ẹ béèrè. Ti desktop gùn jù, kò lè wọlé, DDR3 kò sì bá ihò rẹ̀ mu. Bí owó ẹ̀rọ yìí bá ní ibì kan tí mo lè ní kí ẹ ná an sí, ibẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan laptop, ẹ tẹ F10 kí ẹ wọ BIOS, ìyẹn ibi ètò ìpìlẹ̀ laptop, ẹ wá Virtualization Technology lábẹ́ Advanced, ẹ tàn án. Láìsí i, VM yín kò ní tàn rárá. Kí ẹ wá lọ sí ojúlé VirtualBox fúnra wọn, ìyẹn ètò tó ń gbé VM, kí ẹ gba ẹ̀dà 7 ti Ubuntu 22.04. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, Ubuntu á ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan nígbà tó bá ń kó o sórí. Tí ẹ bá tún laptop tàn, ojú ìwé búlúù kan á yọ, ẹ yan Enroll MOK níbẹ̀, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn. Ojú ìwé yẹn kì í dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jẹ́ kó kọjá, wọ́n á wá máa sọ pé VirtualBox kò ṣiṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe láti gbé Windows yín bó ṣe wà. Disk2vhd ni orúkọ irinṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, ara àwọn irinṣẹ́ Sysinternals ti Microsoft ló wà. Kí ẹ tó lò ó, ẹ tẹ `powercfg /h off` nínú Windows gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ìyẹn á mú kó máa kú pátápátá nígbàkigbà tí ẹ bá pa á, dípò kó máa sun oorun ààbọ̀ tí kì í jẹ́ kí Ubuntu lè kọ nǹkan sínú partition rẹ̀, ìyẹn apá tirẹ̀ lórí SSD. Ẹ tún tẹ `manage-bde -status`. Tí BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, bá wà lórí C:, ẹ tú u kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wá ṣí Disk2vhd, ẹ yọ àmì kúrò lára Use Vhdx torí VHD, ìyẹn fáìlì kan tó dúró bí odidi dísìkì, ni VirtualBox fẹ́ràn jù, ẹ fi àmì sí C: àti èyí kékeré bíi 100MB tí kò ní lẹ́tà, torí inú rẹ̀ ni ohun tó ń jí Windows wà. External hard disk ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kó sì jẹ́ NTFS. FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju 4GB lọ.

Nígbà tí ẹ bá dá VM sílẹ̀: RAM 4096MB, CPU 2, Enable EFI ní títàn, kí ẹ so VHD yẹn mọ́ ọn lórí SATA. Tó bá jí, ẹ kó Guest Additions sínú rẹ̀. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè dà ọ̀rọ̀ kọ láti LibreOffice lọ sínú Corel, òun náà ló máa jẹ́ kí fódà kan wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Kọ́kọ́rọ́ Windows tó bá laptop yín wá, inú mọ́dábọọ̀dù ló wà. VM ní mọ́dábọọ̀dù tirẹ̀, nítorí náà Windows lè ní òun kò mọ ibi tí òun wà, kí ó béèrè láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Corel náà lè béèrè nọ́ńbà, ẹ fi ìwé yẹn sí tòsí. Èkejì: láti 14 October 2025 ni Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10, laptop yín kò sì sí nínú àwọn tí Windows 11 ń gbà, torí ìran kẹjọ ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ fún un, ìran kẹfà ni tiyín. Fún èyí, VM dára ju ohun tí ẹ ní lọ: ẹ lọ sí Network, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò. Corel kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti to ìwé, tí ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn tán. Windows tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní dá yín dúró torí update mọ́ láé.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan partition Windows àtijọ́. Ẹ fi VM ṣe iṣẹ́ gidi fún bí oṣù kan ná, kó tilẹ̀ jẹ́ pé orí external ló ṣì wà.

AtúnfóònùṢe

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, ẹ kú àlàyé. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó bá máa ka èyí mọ̀ pé VM kò wúlò fún gbogbo iṣẹ́. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo wà, fóònù ni mò ń ṣe. Mo yọ dual-boot mi, ìyẹn Windows àti Linux lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ọdún tó kọjá, mo sì dá a padà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdí rẹ̀ rèé. Tí mo bá fẹ́ flash fóònù MediaTek, ìyẹn kí n tún ètò inú rẹ̀ kọ, fóònù yẹn kì í dúró bí fóònù lórí USB. Á fi ara hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí ohun kan, á pòórá, á tún yọ bí ohun mìíràn. Kí VirtualBox tó gbà á lọ́wọ́ Linux kó tó gbé e fún Windows, ó ti lọ. Mo fi filter sí i pẹ̀lú 0e8d, ìyẹn nọ́ńbà MediaTek, ó sàn díẹ̀, àmọ́ fóònù kan kú sí mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà tó ń kọ ọ́. Èmi ni mo san owó rẹ̀ fún oní-nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bá jẹ mọ́ flash, orí Windows gidi ni.

Àǹtí wa kò ní ìṣòro yẹn, ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni tiwọn. Àmọ́ kí ẹni tó bá ní dongle, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ USB tí ètò kan ń béèrè, tàbí ẹ̀rọ kan tó ń gba USB, kọ́kọ́ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan.

Sùúrù_Sístẹ́ẹ̀mù

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Lórí ìyẹn, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Àwọn tó ń ṣe fídíò tàbí géèmù tó ń fi agbára GPU, ẹ̀rọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ náà, kí wọ́n jókòó sórí dual-boot wọn.

ÌyáTẹ̀wé

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Mo ti ra 8GB, ihò kejì ṣófo lóòótọ́, àwọn méjèèjì di 16GB. Disk2vhd gba wákàtí méjì dín díẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ torí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan VM, n kò rí Windows. Ojú dúdú ni, wọ́n kọ `grub>` síbẹ̀, nǹkan kan kò tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni? Laptop gan-an ṣì ń tàn dáadáa, Windows àtijọ́ náà ń tàn.

Sùúrù_Sístẹ́ẹ̀mù

Ẹ fọkàn balẹ̀, ma, kò sí ohun tó bàjẹ́. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín. Partition kékeré 100MB yẹn, Windows àti Ubuntu jọ ń lò ó ni. Ìgbà tí ẹ dà á kọ, ẹ dà GRUB ti Ubuntu kọ mọ́ ọn. VM tuntun kò mọ èwo ni kó jí, ló bá jí GRUB, GRUB wo ọ̀tún wo òsì, kò rí Ubuntu kankan níbẹ̀, ló bá dúró.

Ẹ pa VM, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ Esc lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ yan Boot Maintenance Manager, kí ẹ yan Boot From File, kí ẹ wọ EFI, Microsoft, Boot, kí ẹ tẹ `bootmgfw.efi`. Windows á jí. Tó bá ti jí, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ tẹ `bcdboot C:\Windows`, kó lè rántí ọ̀nà fúnra rẹ̀.

ÌyáTẹ̀wé

Ó jí o! Mo rí àwòrán tí mo fi ṣe ojú ìwé Windows mi, nínú fèrèsé, lórí Ubuntu. Mo pariwo tó fi jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ mi sáré wọlé. Corel béèrè nọ́ńbà lóòótọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. Mo dà "Ọlọ́run" láti LibreOffice sínú Corel, àmì orí ọ́ yẹn yà kúrò, ó lọ jókòó sí àárín ọ́ àti r.

Àdùkẹ́_Dísáìnì

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Fọ́ǹtì ni. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ̀ àti ọ́ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró. Ọ ni, wọ́n wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tó yẹ kí ó gbé àmì sí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú Ubuntu yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n ni LibreOffice ń lò, fọ́ǹtì yẹn kò sì sí nínú Windows. Ẹ gba Charis SIL tàbí Gentium Plus, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kí ẹ kó o sí onílé àti àlejò. Fún àkọlé ńlá tó bá gba fọ́ǹtì mìíràn, èmi máa ń to àmì náà fúnra mi lẹ́yìn tí mo bá ti sọ lẹ́tà di curves, ìyẹn àwòrán. Ó gba àkókò, àmọ́ orúkọ olóògbé kò gbọdọ̀ ṣì.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún ni: tí iná bá lọ tí bátìrì sì ti ń lọ sílẹ̀, ẹ má pa Windows. Ẹ tẹ X lókè fèrèsé rẹ̀, ẹ yan Save the machine state. Ibi tí Corel wà gan-an lẹ ó bá a nígbà tí iná bá dé.

ÌyáTẹ̀wé

Àdùkẹ́ mi, o ṣeun. Gentium ni mo kó sí méjèèjì, "Ọlọ́run" jókòó bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, ó ti lé ní oṣù kan. Iṣẹ́ mẹ́tàlélógún ni mo ti fi VM yìí ṣe, n kò tún padà sí Windows àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ pa á rẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Mo rí GParted, irinṣẹ́ tó ń pín dísìkì, mo sì rí i pé mo lè fa Ubuntu sí apá òsì kó gba gbogbo ààyè náà.

Sùúrù_Sístẹ́ẹ̀mù

Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má fa á. Láti fa ìbẹ̀rẹ̀ partition sí òsì, GParted ní láti kó gbogbo ohun tó wà nínú Ubuntu yín kúrò níbi tó wà, díẹ̀díẹ̀, kó tún un tò síwájú. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Tí laptop bá kú láàrin rẹ̀, Ubuntu lè má jí mọ́, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Bátìrì ogójì ìṣẹ́jú àti iná Ṣómólú, ẹ má fi wọ́n dán an wò.

Ẹ pa C: rẹ́, ẹ sọ ààyè yẹn di ext4 tuntun, ìyẹn irú partition tí Linux ń lò, kí ẹ so ó mọ́ fódà kan nínú ilé yín. Ìṣẹ́jú kan péré ni. VM ni kó máa gbé ibẹ̀. Partition kékeré FAT32 yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá! Inú rẹ̀ ni GRUB wà. Tí ẹ bá pa á rẹ́, laptop kò ní rí ohun tó máa jí.

ÌyáTẹ̀wé

Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn tí mo pa C: rẹ́, mo tan laptop, ó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó wá kọ ọ́ sójú pé òun wà ní emergency mode. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n tẹ Enter, mo tẹ̀ ẹ́, mo wá rántí pé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo kọ ìlà kan sínú `/etc/fstab` pé kí Ubuntu máa ṣí partition Windows nígbàkigbà tó bá jí. Ó ń wá ohun tí mo ti pa rẹ́. Mo fi `nano` ṣí i, mo fi # síwájú ìlà yẹn, mo tún un tàn, ó wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe irú èyí, ẹ wo fstab yín kí ẹ tó pa nǹkan rẹ́. 

Ní àná, ẹnìkan tún wá pẹ̀lú àtúnṣe orúkọ, bàbá àgbàlagbà kan. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò tíì rí àga fà tí Corel fi ṣí, níbi tí mo fi í sí lálẹ́ ìjẹta. Mo tẹ orúkọ náà ní Ubuntu, mo dà á sínú Corel, mo tẹ PDF jáde, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ka orúkọ ìyàwó wọn sókè pẹ̀lú àmì rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ̀gbọ́n: mo ti ya snapshot, ìyẹn àwòrán bí VM ṣe wà tí VirtualBox ń tọ́jú. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé ìyẹn ti tó?

Sùúrù_Sístẹ́ẹ̀mù

Kò tó, ma. Orí SSD kan náà ni snapshot wà, tí SSD bá kú, ó kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pa Windows inú VM dáadáa, ìyẹn Shut down o, má ṣe Save, kí ẹ wá dà gbogbo fódà VM yẹn kọ sórí external. Ẹ máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

ÌyáTẹ̀wé

Mo ti pa á. Ó ń dà á kọ lọ́wọ́, 41GB, ó ní ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Iná wà.